Otto Gloria: Akọ́nimọ̀ọ́gbá ará Brazil tó kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980 bọ́ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, kún dé ẹnu. Àwọn tí kò ríbi wọlé kò fẹ́ẹ́ padà sílé, àwọn tó sì wà ní ìlú mìíràn ti wá rédíò àti amóhùnmáwòrán tí wọ́n máa jókòó tì. Nàìjíríà àti Algeria ló fẹ́ẹ́ wàákò nínú àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà kò sì tíì gba ife náà rí.

Fún àwọn ará Ìwó, ọ̀rọ̀ ìdíje yìí sún mọ́ ilé ju bí ẹlòmíràn ti lè rò lọ. Lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìwó wà nígbà náà, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n tó yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀. Ìbàdàn ni olú-ìlú, pápá ìṣeré Liberty tó wà níbẹ̀ sì ni Algeria ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó dé Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn kò ní í ṣe ju kó wọkọ̀ ní Ìwó, kó gba ojú ọ̀nà tí àwọn ará Ìbàdàn fi orúkọ Ìwó pè títí dòní. Yàtọ̀ sí èyí, mẹ́rin nínú àwọn tó wọ aṣọ Nàìjíríà nínú ìdíje náà ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC ti Ìbàdàn: Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Láwàl àti Felix Owólabí.

Àmọ́ ọkùnrin kan wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ pápá tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, tí kì í sì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ẹni ọdún 63 ni. Ó ti kiri ayé kó tó dé Èkó, ó ti gba ife, ó sì ti pàdánù èyí tó pọ̀. Òun ni wọ́n gbé ẹrù orílẹ̀-èdè lé lórí lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Otto Martins Gloria.

Ìlú Rio de Janeiro, lórílẹ̀-èdè Brazil, ni wọ́n ti bí Otto Gloria lọ́jọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1917. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ di olókìkí, bí kò ṣe ọpọlọ tó fi ń kọ́ àwọn tó ń gbá a. Ní ìlú rẹ̀ níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Vasco da Gama àti Botafogo kí òkìkí rẹ̀ tó dé òkè òkun.

Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ Benfica ti ìlú Lisbon, lórílẹ̀-èdè Portugal, ránṣẹ́ pè é. Ẹni ọdún 37 ni nígbà náà. Benfica ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹgbẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kàn ń ṣeré ìdárayá lẹ́yìn iṣẹ́. Otto Gloria ní kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Ó mú kí wọ́n ní ilé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò máa gbé pọ̀, níbi tí wọn yóò ti máa jẹun lásìkò, tí wọn yóò sì máa sùn lásìkò. Ó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tò sórí pápá padà, ó ń lo ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, ẹni méjì láàárín, àti ẹni mẹ́rin níwájú. Àṣà tí àwọn ará Brazil fi gba ife àgbáyé lọ́dún 1958 nìyẹn, ṣùgbọ́n Lisbon ti ń rí i kí ọdún náà tó pé.

Lọ́dún kan náà tí Gloria dé Benfica ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Áfíríkà kan dé ibẹ̀ láti Mozambique. Mário Coluna ni orúkọ rẹ̀. Iwájú ni Coluna ti ń gbá bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ àtijẹ gólì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá. Gloria wò ó títí, ó sì fà á sẹ́yìn sí àárín pápá, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lágbára àti ojú rẹ̀ tó ríran jìnnà ti lè wúlò fún gbogbo ẹgbẹ́. Coluna di ọ̀gá láàárín pápá, ó sì di balógun Benfica àti ti Portugal. Ìwà Gloria nìyí jálẹ̀ ayé rẹ̀: kì í fi agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbi tó bá a, ibi tó yẹ ẹ́ ló máa ń gbé e lọ.

Benfica gba líìgì Portugal lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1955 àti 1957, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1959, Béla Guttmann, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló gba ipò rẹ̀. Guttmann ló gba ife Yúróòpù fún Benfica lọ́dún 1961 àti 1962, òun sì ni ayé ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn ẹgbẹ́ náà mọ̀ pé orí ìpìlẹ̀ tí Gloria fi lélẹ̀ ni Guttmann kọ́ ilé lé.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ Gloria kò dúró lójú kan mọ́. Ó lọ sí Belenenses, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Portugal lọ́dún 1960. Ó dé Marseille ní ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Vasco da Gama, ó dé Porto, ó sì wà ní Sporting nígbà tí wọ́n gba líìgì lọ́dún 1966. Ọdún yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ dé etí gbogbo ayé. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Portugal tó lọ síbi ìdíje ife àgbáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà àkọ́kọ́ tí Portugal yóò débẹ̀ nìyẹn.

Portugal na Hungary, wọ́n na Bulgaria, wọ́n sì fi ayò mẹ́ta sí ọ̀kan na Brazil tó gba ife náà lẹ́ẹ̀méjì tẹ̀léra. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Gloria ni Brazil, àmọ́ ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pàdé North Korea, kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, ayò mẹ́ta ti wọ àwọ̀n Portugal. Eusébio, tí òun náà wá láti Mozambique, ló jẹ mẹ́rin padà, Portugal sì fi márùn-ún sí mẹ́ta borí. England ló dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá pẹ̀lú ayò méjì sí ọ̀kan. Wọ́n na Soviet Union, wọ́n sì ṣe ipò kẹta.

Lọ́dún 1968, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní Atlético Madrid ní ilẹ̀ Spain, Gloria padà sí Benfica, ó sì kó wọn dé àṣekágbá ife Yúróòpù ní Wembley. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà pẹ̀lú Manchester United nígbà tí ìṣẹ́jú 90 pé. Nínú àfikún àsìkò, ayò mẹ́ta já lé Benfica lórí. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú ife ńlá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1973, ní Brazil, ẹgbẹ́ Portuguesa tó ń kọ́ dé àṣekágbá ìdíje São Paulo pẹ̀lú Santos. Rẹfirí ṣi ìṣirò ṣe nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ́náritì, ó fòpin sí i kí ó tó tán, ni wọ́n bá pín ife náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ti rí irú èyí láyé rẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn yọ̀ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè.

Ọkùnrin tí Nàìjíríà ránṣẹ́ pè lọ́dún 1979 nìyẹn. Ilé tó sì wá bá, ilé tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná ni.

Tihomir Jelisavčić, ọmọ Yugoslavia tí àwọn ènìyàn ń pè ní Father Tiko, ló ti ń tọ́jú ikọ̀ Green Eagles láti ọdún 1974. Ó ṣe dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ipò kẹta ní Áfíríkà lọ́dún 1976, tí wọ́n sì tún ṣe é lọ́dún 1978. Ṣùgbọ́n ipò kẹta lẹ́ẹ̀méjì ti sú àwọn ènìyàn. Èyí tó tún dùn wọ́n jù ni ti oṣù Kọkànlá ọdún 1977, nígbà tí Nàìjíríà nílò àti borí Tunisia l'Ékòó kí wọ́n lè lọ síbi ife àgbáyé. Godwin Odiye fẹ́ẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù kúrò lójú ilé, ló bá wọ inú àwọ̀n Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ayò kan yẹn ló dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dárúkọ mọ́ ọkùnrin náà lára.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ sókè. Ẹgbẹ́ méjì ló lágbára jù ní Nàìjíríà nígbà náà: IICC ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu. Ogun abẹ́lé kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tó parí. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ náà máa ń ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Lọ́dún 1976, IICC gba ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn àti Rangers pàdé nínú ìdíje kan náà ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀méjì, pẹ́náritì ló sì ya wọ́n, Rangers ló borí. Àwọn tó wà nínú ìjà yìí náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun gbọ́dọ̀ sọ di ọmọ ìyá.

Gloria dé, kò sì pariwo. Ó kó wọn jáde kúrò nílé, ó sì mú wọn lọ sí Brazil níbi tí wọ́n ti gbáradì. Ohun tó ṣe ní Lisbon ní ọdún 25 sẹ́yìn ló tún ṣe: kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa jẹ pọ̀, kí wọ́n mọ ìrìn ara wọn. Balógun ikọ̀ náà ni Christian Chukwu ti Rangers, ó sì fi í síbẹ̀. Emmanuel Okala, òmìrán aṣọ́lé tí Rangers, ló ti ń ṣọ́lé fún Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Best Ogedegbe ti IICC ló ṣọ́lé fún un nínú ìdíje náà. Ó ní Aloysius Atuegbu láti Enugu, Múdà Láwàl láti Ìbàdàn, Adokiye Amiesimaka ní ẹ̀gbẹ́ òsì, Ọdẹ́gbàmí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àti Henry Nwosu tí kò tíì kúrò lọ́mọdé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá wo ikọ̀ náà yóò rí i pé ẹni tó yan wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Enugu, bó bá sì mọ̀ ọ́n, kò kà á sí.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 1980. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló kópa. Ìjọba alágbádá tí Ààrẹ Shehu Shagari ń darí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lórí oyè, gbogbo ayé ló sì ń wo bí Nàìjíríà yóò ṣe gbàlejò. Ní ọjọ́ náà, Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí ọ̀kan na Tanzania. Inú àwọn ènìyàn dùn. Lọ́jọ́ 12, wọ́n ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Côte d'Ivoire, inú wọn sì bàjẹ́. Gloria kò yí ọwọ́ padà. Lọ́jọ́ 15, ayò kan ṣoṣo ni wọ́n fi na Egypt. Lọ́jọ́ 19, Morocco ló kàn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Felix Owólabí fi sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n sì fi gbogbo ìyókù àsìkò náà dáàbò bo ayò kan yẹn. Ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, Algeria àti Egypt ta méjì sí méjì, Algeria sì borí nínú pẹ́náritì.

Nítorí náà ni ọjọ́ 22 ṣe dé. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n gbá tí Ọdẹ́gbàmí fi jẹ ayò àkọ́kọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n lọ sinmi, òun náà ló jẹ èkejì. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni Múdà Láwàl fi fi ẹ̀kẹta tì í. Ayò mẹ́ta sí òdo ni wọ́n parí ẹ̀. Chukwu gba ife náà, Èkó sì dà rú fún ayọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù márùn-ún tí wọ́n gbá, ayò mẹ́jọ ni wọ́n jẹ, ẹyọ kan ṣoṣo ló wọ àwọ̀n Ogedegbe. Ọkùnrin tí Wembley já kulẹ̀, tí wọ́n dá ife rẹ̀ sí méjì ní São Paulo, gba ife odindi l'Ékòó.

Ìjọba fi ilé, ọkọ̀ àti oyè orílẹ̀-èdè dá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ́lá. Orúkọ wọn di ohun tí ọmọdé ń pè ní àdúgbò. Àmọ́ bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Lọ́dún yẹn náà, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Moscow, Nàìjíríà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Nínú ìdíje láti dé ife àgbáyé ọdún 1982, wọ́n fi pẹ́náritì ré Tunisia kọjá, ìyẹn sì jẹ́ ìtùnú díẹ̀ fún ọgbẹ́ ọdún 1977. Wọ́n na Tanzania, wọ́n na Guinea, ó wá ku ẹyọ orílẹ̀-èdè kan. Algeria ni.

Algeria kò gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981, ní pápá Sùúrùlérè kan náà, wọ́n fi ayò méjì sí òdo na Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n dé ilé Algeria, méjì sí ọ̀kan ni wọ́n tún fi nà wọ́n. Algeria ló lọ sí Spain, níbi tí wọ́n ti na West Germany tí gbogbo ayé sì pariwo orúkọ wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1982, Nàìjíríà lọ sí Libya láti lọ gbèjà ife Áfíríkà. Wọ́n na Ethiopia, ṣùgbọ́n Algeria àti Zambia nà wọ́n, wọ́n sì padà sílé láìdé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Bí iṣẹ́ Gloria ní Nàìjíríà ṣe parí nìyẹn. Láàárín ọdún méjì, ohùn tó ń yìn ín di ohùn tó ń bú u.

Ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ní ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Onígbìndé kó ikọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ dé àṣekágbá Áfíríkà lọ́dún 1984, níbi tí Cameroon ti fi mẹ́ta sí ọ̀kan nà wọ́n. Múdà Láwàl wà níbẹ̀, ìdíje Áfíríkà karùn-ún tí yóò kópa nínú rẹ̀ sì ni.

Portugal tún ránṣẹ́ pe Gloria. Ó ti lé ní ẹni ọdún 65. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1982, àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Soviet Union fi ayò márùn-ún sí òdo nà wọ́n ní Moscow, kò sì pẹ́ sí ìgbà náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Portugal ṣì rọ́nà dé ìdíje Yúróòpù ọdún 1984, ẹlòmíràn ló sì kó wọn lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Benfica lọ́dún 1959 ló tún ṣẹlẹ̀: ó gbin in, ẹlòmíràn kórè.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986, Otto Gloria kú ní Rio de Janeiro, ìlú tí wọ́n ti bí i. Ẹni ọdún 69 ni. Àwọn ará Ìwó, tí wọ́n fi odídẹrẹ́ mọ ìlú wọn, mọ àdúrà kan tí Yorùbá máa ń gbà fún ẹni tó bá rìnrìn àjò: pé odídẹrẹ́ kò ní kú sóko ìwájẹ. Àdúrà náà gbà fún un. Ó jẹ oko Lisbon, ó jẹ ti Marseille àti Madrid, ó jẹ ti Èkó, ilé ló sì padà sí kó tó sùn.

Ọdún 14 ni Nàìjíríà lò lẹ́yìn ọdún 1980 kí wọ́n tó tún gba ife Áfíríkà, lọ́dún 1994, lábẹ́ Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Holland. Ọdún 19 ni wọ́n tún lò kí Stephen Keshi tó gbà á lọ́dún 2013, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Gloria náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Múdà Láwàl kú lọ́dún 1991, Best Ogedegbe kú lọ́dún 2009, Christian Chukwu àti Henry Nwosu kú lọ́dún 2025. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń lọ ni àwọn ènìyàn ń rántí ọjọ́ Sátidé yẹn ní Sùúrùlérè, tí wọ́n sì ń ka ayò mẹ́ta náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìyà tí Algeria fi jẹ Nàìjíríà lọ́dún 1981 kò lè pa iṣẹ́ ọdún 1980 rẹ́. Ẹni tó bá bi ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà nígbà náà léèrè àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, yóò dárúkọ wọn láti orí aṣọ́lé títí dé iwájú. Kó tó dákẹ́, kó fi orúkọ arúgbó tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá kún un, nítorí òun ló kó ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Enugu jọ sínú aṣọ kan, tí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù bí ọmọ ìyá.